Ìpẹ́ Oníhò Méjì

Ọjọ́ tí ìyá mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kó aṣọ òun lọ, bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́. Kò ti oúnjẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wá bi mí pé, "Ọjọ́ wo ló pè é?"

"Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa fi mọ́tò gbé wọn wá. Wọ́n ní kí n ti yọ àwọn aṣọ òtútù sọ́tọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni bàbá mi wí. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo sì ń gbọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ ti igi láàárín àgbàlá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń jí àwọn tó ń sùn.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà yẹn lọ báyìí. Ibi tí mo wà yìí jìn sí ilé wa, mo sì ti pẹ́ níbí débi pé àwọn ọmọ àdúgbò rò pé ibí ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, àgbàlá yẹn ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Òórùn pákó tó rẹ sínú omi gbígbóná á gba imú mi kan, nínú yàrá tí kò sí igi kankan ju ẹsẹ̀ tábìlì lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ń kàn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe é, tó fi jẹ́ pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àtọmọdé àtàgbà. Ọkọ̀ onípákó ni, irú èyí tó ní ìhà tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n á wá kan pákó bo ìhà náà lára títí dé òkè. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ oníke dé. Wọ́n fúyẹ́, wọn ò wọ́n, wọn kì í jẹrà. Ibi iṣẹ́ etí odò tí bàbá mi ń lò kógbá wọlé. Àmọ́ òun ò gbà pé iṣẹ́ ti tán. Gbogbo pákó àti gbogbo ìhà tó ṣẹ́ kù ló kó wá sílé, tó sì tò wọ́n jọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí ọgbà. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe, á ní, "Ẹnì kan ṣì máa wá."

Ẹnì kan ò wá. Odidi ọdún mẹ́ta ni igi yẹn fi wà ńlẹ̀. Ìyá mi ò ríbi jókòó sí gba atẹ́gùn. Okùn tó ń sá aṣọ sí, ó ní láti gun orí igi kó tó débẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòun ti bàsíà aṣọ tútù lọ́wọ́, pákó kan yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, pákó pupa kan tó ní ìlà funfun gbọọrọ láàárín bí ipa òòyà lórí. Ó ṣubú, egungun ìbàdí ẹ̀ sì kán.

Bàbá mi jókòó tì í nílé ìwòsàn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ìyá mi ní ilé ẹ̀gbọ́n mi lòun ń lọ. "Ọkọ̀ ni mo bá nílé yín," ló wí fún bàbá mi, ohùn ẹ̀ ò sì le rárá, "ọkọ̀ náà ni mo fi ilé sílẹ̀ fún. Ẹ bá mi kí i."

Báyìí ni mo ṣe kó padà sílé, èmi àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo wá ń se oúnjẹ fún ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ tí ìyá mi rán dé, mo bá bàbá mi lórí ìdúró, ó ti gbé ayùn lé pákó kan. Kì í ṣe pákó lásán. Ó gùn ju ilé ìdáná wa lọ, kò ní kókó kan lára, èyí tó ti ń pa mọ́ fún ọkọ̀ àṣekẹ́yìn ẹ̀ ni. Ayùn wà lórí ẹ̀, kò fà á. Mo wọlé, mo mu omi, mo wá bàtà mi, mo rí i, mo jáde. Ayùn ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín dì í mú?" ni mo wí.

"Ta ló ní ó ń sá lọ?"

Ó fa ayùn náà nígbà yẹn. Ó gé e ní ìwọ̀n ìgúnpá mi sí orí ìka, ó tún gé òmíràn, ó tún gé òmíràn. "Èyí ò lè dé odò mọ́ láéláé," ló ń sọ fún ara ẹ̀. "Ìwọ náà ò lè dé odò mọ́."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àtíbàbà. Àtíbàbà tí màmá ẹ á máa jókòó sí. Mo ṣèlérí ẹ̀ fún un lọ́dún tí a bí ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ti ń hu ewú o."

"Ṣé mo dá ọjọ́ ni?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ó ri òpó mẹ́jọ mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ó mú ìhà ọkọ̀ mẹ́rin, ó dojú wọn dé, ó gbé wọn lé àwọn òpó náà lórí, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ìhà kọ̀ọ̀kan fi tẹ òpó méjì. Igi ìdí ọkọ̀, ìyẹn igi gbọọrọ tí gbogbo ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ló fi so wọ́n pọ̀ lókè pátápátá. Nígbà tí egungun ẹ̀ dúró tán, bí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé ló rí. Mo dúró sábẹ́ ẹ̀, mo wo òkè, inú mi dùn láìnídìí.

Aládùúgbò kan wà tí ọgbà kúkúrú ló là wá láàárín, tó jẹ́ pé òrùlé ló ń kàn jẹun. Ológbò-Òrùlé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ń rìn lórí ilé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í gbúròó ẹsẹ̀ ẹ̀. Òun àti bàbá mi ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn kí n tó gbọ́njú. Bàbá mi á ní iṣẹ́ òrùlé kì í ṣe iṣẹ́, omi kàn ń kọjá lórí ẹ̀ ni. Òun náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi tiyín wà lábẹ́ yín, ẹ lè máa ṣọ́ ọ. Tèmi, òkè ọ̀run ló ti ń bọ̀."

Ọjọ́ tí a gbé ìhà sókè, Ológbò fi ìgbáròkó ti ọgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé òrùlé nìyí, àbí ẹ fẹ́ tukọ̀ lọ sójú sánmà?"

"Ọwọ́ lo fẹ́ fi ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí ẹnu?"

"Mo ní àkàbà. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin ni, ó ti parí."

Bàbá mi ò yíjú. "Ta ni ìyàwó ẹ̀ ṣubú? Tìẹ àbí tèmi? Tó o bá tún la ẹnu lórí òrùlé yìí kí n tó ní kó o sọ̀rọ̀, má kí mi mọ́ láyé."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Ológbò wí. Ó fi ìka méjì fún ètè ara ẹ̀ pọ̀, ó sì padà sílé ẹ̀.

Ìpẹ́ ni bàbá mi ń pe àwọn pákó kéékèèké náà, nítorí pé wọ́n á gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Ó fi ìfági fá ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dán. Bí mo bá ti ilé búrẹ́dì dé lọ́sàn-án, èmi ni mo máa gbé omi kaná nínú àgbá, màá rẹ ìpẹ́ sínú ẹ̀ kó lè rọ̀, nítorí òrùlé tó tẹ̀ ò gba pákó tó bá gan. Màá gbé e fún un lórí àkàbà, èéfín omi á máa yọ lára ẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìhà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, á kan ìṣó méjì. Ẹnu ló ń kó ìṣó sí, nítorí náà imú ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ yékéyéké. "Ùn" kan, òmíràn ni. "Ùn-ùn," èyí gbóná jù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á sọ̀ kalẹ̀, á jókòó ti òpó, á máa jẹ èèpo búrẹ́dì tí mo kó wá fún un, pẹ̀lú èérún igi nínú irùngbọ̀n. Mi ò rí bàbá mi kó rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ibi iṣẹ́ etí odò ti kógbá. Ó ń kọrin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Ọ̀dọ̀ igi ìdí ọkọ̀, lókè pátápátá, ló ti bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní. Ìlà kejì gorí etí ti àkọ́kọ́, ìlà kẹta gorí ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bọ̀ wá sísàlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, mo rí Ológbò tó fò dìde lórí àpótí tó ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ẹ̀. Ó sáré wá sídìí ọgbà. Ó la ẹnu. Ó wo bàbá mi, ó pa ẹnu dé, ó padà. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí fìlà ẹ̀, ó fi bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ wò ó, ó ń jowú yín," ni mo sọ fún bàbá mi. Bàbá mi fi imú rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ tó ku ọ̀túnla kí ìyá mi dé, a kan ìpẹ́ tó gbẹ̀yìn. Bàbá mi wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì bá òun mu. Ó dúró sábẹ́ àtíbàbà, ó gbé ọwọ́ lẹ́yìn, ó ké sí Ológbò.

"Ó yá, wá sọ̀rọ̀. Mo gbà ọ́ láyè."

Ológbò gba ojú ọgbà wọlé pẹ̀lú àkàbà ẹ̀ àti garawa omi kan. Ó gun òkè, ó rọra da omi náà sórí igi ìdí ọkọ̀, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Omi náà wọlé bí ẹni pé kò sí òrùlé níbẹ̀. Ó wọlé ní ìlà kìíní, ó wọlé ní ìkejì, gbogbo etí tó kọjú sókè ló ń gbà á, tó ń darí ẹ̀ sínú. Ó dà sórí bàbá mi, sára ẹ̀wù funfun, sínú irùngbọ̀n. Bàbá mi ò yẹra. Ó gbójú sókè sínú omi náà, ojú ẹ̀ ń wá ibi tó ti ṣì í.

Mo rí i pé ó rí i. Ọdún méjìdínlógójì ni ọwọ́ yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, tí pákó tó bá tẹ̀lé e ń gorí etí tó wà ṣáájú. Nínú odò, ìdí ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Òun ti gbé e sókè, ọwọ́ ẹ̀ ò sì mọ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló bi Ológbò.

"Láti ìlà kejì."

"O sì dákẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà. Ẹja tiyín yìí, ìrù ló ń gbé síwájú lúwẹ̀ẹ́."

Mo rò pé bàbá mi máa lé e jáde. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, ó dà bí àgbàlagbà lójijì. "Ọ̀túnla ló ń bọ̀," ló wí. "Bó bá bá a báyìí, á kó aṣọ ẹ̀ lọ. Á sì jàre."

Ológbò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀. "A máa tú u," ló wí. "Ìsàlẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, ìlà òkè á máa gorí tìsàlẹ̀, ihò àtijọ́ á wà lábẹ́ èyí tó bá tẹ̀lé e. Ọwọ́ mẹ́fà ni wá. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn."

Mo ránṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì pé ara mi ò yá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti ìgbà tí ojúmọ́ mọ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi lọ, a ń yọ ìṣó, à ń rẹ ìpẹ́, à ń kàn. Ológbò ń kàn lápá kan, bàbá mi lápá kejì, wọ́n ń bú ara wọn gba orí òrùlé kọjá. Nígbà tí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú ilé lọ́sàn-án Sátidé, ìlà mẹ́rin ṣì kù lápá kọ̀ọ̀kan, tí òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá mi fi ọ̀pá wọlé. Ó ti rù, gèlè ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e pẹ̀lú àpótí ìrìn-àjò aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó ń fì í bí ẹni tó ń fi agbọ̀n, nítorí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ojú mi ò kúrò lára àpótí yẹn mọ́.

Ìyá mi dúró, ó wo àgbàlá. Ilẹ̀ mọ́ láti ilé ìdáná títí dé ìdí ọgbà. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ lóòótọ́ ni. Ó rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó jókòó sórí àga tí bàbá mi ti tò síbẹ̀, ó gbójú sókè. Ojú bàbá mi wà lókè, láàárín ihò òrùlé, ìṣó lẹ́nu.

"Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá mi tu ìṣó sọ́wọ́. "Òrùlé ni."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹni tó fẹ́ wá kó aṣọ."

Ìpẹ́ tí a ò tíì kàn wà nídìí ẹsẹ̀ ìyá mi, ó mú ọ̀kan. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà funfun wà láàárín ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ìlà náà lọ, ó rà á bọ̀.

"Mo mọ èyí," ló wí.

"O mọ̀ ọ́n," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Mẹ́rìnlá ni mo gé e sí. Mo fẹ́ gé e sí ogún, ni ò gùn tó."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan èyí." Ó gbé e sún mọ́ ojú. "Kí ló dé tí ihò ìṣó méjì ti wà lára ẹ̀?"

Ológbò wúkọ́. Mo wo inú àgbá omi mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá mi lè sọ ohunkóhun. Ó lè ní òun fẹ́ fi dán ìṣó wò ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ìyá mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí pé òun ṣì igi gé, ká má tiì wá sọ ti pé òun ṣe nǹkan kan lọ́nà tí kò dáa. Lọ́jọ́ tó ṣubú pàápàá, ohun tí bàbá mi sọ ni pé pákó yẹn ò dúró dáadáa.

"Mo kàn án sódì," ni bàbá mi wí.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mo kàn án sódì. Gbogbo ẹ̀. Omi wọlé. A tú u, a tún un kàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì parí." Ó na ìka sí ìpẹ́ náà. "Èyí tó wà nílẹ̀ níjọ́sí náà, èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe pákó náà ló jẹ̀bi."

Ìyá mi kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, láti inú wá, ó di ìbàdí mú, ó ń pariwo pé "Ó ń dùn mí o, ẹ má pa mí," ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ológbò ò lè pa á mọ́ra mọ́, ó jókòó sórí òrùlé, ó ń sọ ìtàn omi àti ẹ̀wù funfun, ó ń fi tiẹ̀ kún un.

Nígbà tó balẹ̀, ìyá mi nu ojú. "Ẹ máa kan èyí tó kù," ló wí fún ọkọ ẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ òòlù yín. Ilé ọmọ yín yẹn, ó dákẹ́ jù, mi ò ríbi sùn níbẹ̀."

Wọ́n kàn án. Ó jókòó sábẹ́ ẹ̀, ojú ọ̀run ń kéré sí i lórí ẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bí oòrùn ṣe ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí náà nílẹ̀.

"Màmá, ọ̀nà jìn o. Ṣé kí n kó aṣọ yín sínú ẹ̀?"

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ yín. Ohun tí a bá wá."

"Gbé àpótí yẹn fún àbúrò ẹ," ni ìyá mi wí, kò sì wo ibi tí mo wà. "Òun ni ẹsẹ̀ ń yún."

Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan pé mo ti ń wá ìwé ìrìnnà.

Ìpẹ́ kan ló dín nígbà tí wọ́n dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹyọ kan ò pé. Ó wo abẹ́ àga, ó wo inú àgbá, ó bú Ológbò. Ó ní láti lọ gé òmíràn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo fi àpótí yẹn rìnrìn àjò. Nígbà tí mo tú u níbí, láàárín aṣọ òtútù méjì, mo bá pákó pẹlẹbẹ kan tó ní ìlà funfun àti ihò ìṣó méjì. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi pé kí ló dé tó fi fi pákó náà sínú ẹrù mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá a kọ èsì. Ó ní Màmá ní kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kí n lè máa rántí pé bàbá mi fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kàn án sódì. Ó ní àtíbàbà náà ò jò. Ó sì ní kí n má ṣe dárúkọ ìpẹ́ náà nínú lẹ́tà tó ń bọ̀, nítorí bàbá mi ṣì ń wá a.